Orí Ẹ́ńjìnnì àti Ọgbọ́n Ẹ̀yìnkùlé: Ìtàn Àtúnṣe Tọ́ọ̀pù Sìlíńdà fún Àlékún Agbára Ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, 1908 sí 1955

Àṣamọ̀

Àwọn òǹkọ̀tàn ìmọ̀ ẹ̀rọ sábà máa ń gbé òṣùbà iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ ńláńlá àti ilé ẹ̀kọ́ gíga nìkan. Iṣẹ́ yìí yẹ èrò náà wò. Ó tọ ipasẹ̀ bí àwọn ọ̀dọ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ní Amẹ́ríkà ṣe ń tún orí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Ford ṣe nínú ilé wọn, láti ìgbà tí Model T jáde ní 1908 títí di ìgbà tí Chevrolet gbé ẹ́ńjìnnì V8 tuntun rẹ̀ jáde ní 1955. Ohun tí iṣẹ́ yìí fi múlẹ̀ ni pé ẹ̀yìnkùlé nìkan kò lè dá ìmọ̀ yìí bí, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwádìí nìkan kò lè dá a bí. Ìgbà tí méjèèjì pàdé ni iṣẹ́ tó yọrí, òṣùwọ̀n tí tọ̀tún-tòsì gbà ni ó sì so wọ́n pọ̀.

1.0 Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òwe yìí ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ìtàn tí iṣẹ́ yìí dá lé lórí. Ìbéèrè tí ó gbé e dìde ni pé: ta ni ó ni ìmọ̀ bí a ṣe ń mú kí ẹ́ńjìnnì lágbára ju bí a ti ṣe bá a lọ? Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè yìí, ó ṣeé ṣe kí ó dárúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan tàbí yunifásítì kan. Ekukáká ni yóò fi dárúkọ ọ̀dọ́ tí ó ń fi fáìlì ha irin ní ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀.

Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Bí olùkọ́ bá gbà pé inú ìwé nìkan ni ìmọ̀ ẹ̀rọ wà, yóò máa fi ojú ẹni tí kò mọ nǹkan wo mẹkáníìkì tí ó wà lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí ó bá sì gbà pé ọwọ́ nìkan ni ìmọ̀ wà, kò ní rí ìdí tí ó fi yẹ kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mọ ìṣirò. Méjèèjì ni ó lè ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Nítorí náà, ó yẹ kí a wo ibi kan tí ìtàn ti fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Amẹ́ríkà ni ibi tí àpẹẹrẹ náà ti hàn kedere jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti kọ́kọ́ di ohun tí òṣìṣẹ́ lásán lè ní, tí ó sì lè tú palẹ̀ láìbẹ̀rù.

2.0 Iṣẹ́ tí Orí Ẹ́ńjìnnì Ń Ṣe

Kí ìtàn náà tó lè yé ni, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń pè ní orí ẹ́ńjìnnì. Òun ni irin ńlá tí a fi bóòtù dè mọ́ orí búlọ́ọ̀kù, tí ó ṣe ìdérí fún àwọn sìlíńdà tí písítìn ń lọ sókè-sódò nínú wọn. Tọ́ọ̀pù sìlíńdà ni àwọn mẹkáníìkì ilẹ̀ wa ń pè é. Gásíkẹ̀ẹ̀tì ni ó máa ń wà láàárín òun àti búlọ́ọ̀kù. Abẹ́ orí yìí ni yàrá kékeré tí afẹ́fẹ́ àti epo ti ń jóná wà, ibẹ̀ náà ni pílọ́ọ̀gì sì ti ń ṣáná sí wọn.

Ọ̀nà méjì ni orí yìí fi ń pinnu agbára ẹ́ńjìnnì. Èkínní ni ìfúnpọ̀. Ìwọ̀n ìfúnpọ̀ ni ìfiwéra àyè tí ó wà lókè písítìn nígbà tí ó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá pẹ̀lú àyè tí ó ṣẹ́ kù nígbà tí ó bá dé òkè. Bí àyè àkọ́kọ́ bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà èkejì, ìwọ̀n náà jẹ́ 6. Bí ìwọ̀n yìí bá ṣe ga tó ni iṣẹ́ tí epo kan náà lè ṣe yóò ṣe pọ̀ tó. Ìṣirò inú ẹ̀kọ́ físíìsì fi hàn pé bí ó bá kúrò ní 4 tí ó di 6, iṣẹ́ tí ooru epo kan náà lè ṣe yóò fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lé sí i.

Ọ̀nà kejì ni mímí. Bí ènìyàn kò ṣe lè sáré bí ọ̀fun rẹ̀ bá dí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì kò lè lágbára bí afẹ́fẹ́ kò bá rí ọ̀nà wọlé, tí èéfín kò sì rí ọ̀nà jáde. Fáàfù ni ìlẹ̀kùn tí ń ṣí tí ó sì ń tì fún méjèèjì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń yára sí i ni àkókò tí fáàfù fi ń ṣí sílẹ̀ ń kúrú sí i, nítorí náà ibi tí ọ̀nà bá ti há tàbí tí ó ti wọ́ ni agbára ti ń já sílẹ̀.

Agbára ẹṣin ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn àbájáde gbogbo èyí. Agbára ẹṣin kan tó nǹkan bí wáàtì 746. Gbogbo ìtàn tí ó tẹ̀ lé e yìí jẹ́ ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe ń wá ìfúnpọ̀ àti mímí, àti bí wọ́n ṣe rí i pé ọ̀kan lè máa ba èkejì jẹ́.

3.0 Model T àti Òwò Orí Tuntun

Ní 1908 ni Henry Ford gbé Model T jáde. Títí ó fi dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1927, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún irú ọkọ̀ náà tí ó ṣe. Ní 1925, iye owó èyí tí ó rọjú jù nínú wọn ti wálẹ̀ dé dọ́là 260. Sìlíńdà mẹ́rin ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, gbogbo rẹ̀ tó lítà 2.9, síbẹ̀ 20 péré ni agbára ẹṣin rẹ̀. Ìwọ̀n ìfúnpọ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 4 lọ.

Ohun méjì ni ó mú kí ọkọ̀ yìí jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ fún ẹ̀yìnkùlé. Àkọ́kọ́ ni pé ó pọ̀ káàkiri, àlòkù rẹ̀ sì rọjú. Èkejì ni pé orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣeé tú kúrò. Ní àkókò náà, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni ó ń dà orí àti sìlíńdà pọ̀ ní irin kan ṣoṣo. Ford ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí iṣẹ́ lè rọrùn ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ àti lọ́wọ́ ẹni tí ń tún un ṣe. Ó ṣeé ṣe kí ó má rò ó pé ìlẹ̀kùn ni òun ṣí fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi orí mìíràn rọ́pò tòun.

Nínú ẹ́ńjìnnì Model T, ẹ̀gbẹ́ sìlíńdà, nínú búlọ́ọ̀kù, ni fáàfù wà. Afẹ́fẹ́ ní láti gòkè jáde nínú búlọ́ọ̀kù, kí ó yí, kí ó sì tún sọ̀ kalẹ̀ sínú sìlíńdà. Orí náà fúnra rẹ̀ kò ju ìdérí lọ. Ẹni tí ó rí àǹfààní nínú èyí ni Louis Chevrolet, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí a bí ní 1878. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ilé iṣẹ́ Chevrolet ní 1911, ṣùgbọ́n kò pẹ́ púpọ̀ tí ó fi kúrò níbẹ̀. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ Frontenac sílẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe sì gba ipò kìíní ní ìdíje Indianapolis ní 1920 àti 1921. Lẹ́yìn èyí ni Frontenac bẹ̀rẹ̀ sí í ta orí tuntun fún Model T. Òkè, nínú orí náà gan-an, ni fáàfù wà nínú irú èyí. Afẹ́fẹ́ kò ní láti gba kọ̀rọ̀ mọ́ kí ó tó wọ sìlíńdà.

Ní ìlú Racine ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, Joe Jagersberger náà ń ta orí tirẹ̀. Ó fi ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ìlú náà àti ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ara rẹ̀ sọ ọ́ ní Rajo. Oníṣẹ́ tí ó ní sípánà àti sùúrù lè fi irú orí bẹ́ẹ̀ rọ́pò ti Ford nínú ilé rẹ̀. Ní 1923, L. L. Corum wa ọkọ̀ kan tí a fi ẹ́ńjìnnì Model T onórí Frontenac sí ní Indianapolis, ó sì gba ipò karùn-ún láàárín àwọn ọkọ̀ tí wọ́n dìídì ṣe fún eré sísá. Èyí jẹ́ ẹ̀rí fún gbogbo ayé pé búlọ́ọ̀kù ọkọ̀ mẹ̀kúnnù lè ṣe iṣẹ́ ńlá bí a bá mọ ohun tí a gbé lé e lórí.

4.0 Ìwádìí Ricardo àti Ìdíwọ̀n Epo

Bí ẹ̀yìnkùlé Amẹ́ríkà ṣe ń pààrọ̀ orí, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwádìí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀. Harry Ricardo, ẹni tí ó kàwé ní Cambridge, ni ó wà nídìí ìwádìí náà. Ìṣòro tí ó dojú kọ ni pé bí a bá fi kún ìfúnpọ̀ ju bí epo ṣe lè gbà lọ, epo náà kì í dúró kí iná pílọ́ọ̀gì jó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Yóò ṣàdéédéé bú gbàmù, ìró bí ẹni ń fi òòlù lu irin yóò sì máa jáde. Bí èyí bá pẹ́, písítìn lè dálu.

Ní 1919 ni Ricardo ṣe orí kan fún ẹ́ńjìnnì onífáàfù-ẹ̀gbẹ́. Ó sún yàrá ìjóná sí orí fáàfù, ó sì jẹ́ kí àyè tín-ín-rín péré kù lókè písítìn. Bí písítìn bá ń gòkè, afẹ́fẹ́ àti epo tí ó wà ní àyè tín-ín-rín náà yóò ṣàn jáde pẹ̀lú ipá, yóò sì da ara pọ̀ mọ́ èyí tí ó wà nínú yàrá. Iná máa ń yára ràn nínú afẹ́fẹ́ tí ó ń rú báyìí, nítorí náà epo kì í ráyè bú kí àkókò tó tó. Ìrísí yàrá náà nìkan ni ó yí padà; kò pààrọ̀ fáàfù, kò sì fi irin mìíràn kún un. Èyí ni ìgbà tí ó hàn sí àwọn oníṣẹ́ pé ìrísí abẹ́ orí lè jẹ́ agbára fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tí wọ́n gbà ni kí wọ́n tún epo náà ṣe. Ní oṣù Kejìlá 1921, Thomas Midgley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ General Motors rí i pé òjé tí a pò mọ́ epo pẹtiróòlù lè dènà ìbúgbàmù náà. Ní oṣù Kejì 1923 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ìlú Dayton, ìpínlẹ̀ Ohio. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe fún ẹni tí ó bá gé orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti rí epo tí yóò gba ìfúnpọ̀ náà. Àmọ́ òjé jẹ́ májèlé, ọ̀rọ̀ yóò sì padà dé orí èyí níwájú.

5.0 V8 ti 1932 àti Àwọn Ọ̀dọ́ California

Ní 1932, Ford tún ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí: ó gbé ẹ́ńjìnnì sìlíńdà mẹ́jọ tí a tò bí lẹ́tà V jáde ní iye owó tí òṣìṣẹ́ lásán lè san. Dọ́là 460 ni èyí tí ó rọjú jù nínú àwọn ọkọ̀ náà. Ẹ́ńjìnnì náà tó lítà 3.6, agbára ẹṣin 65 ni ó ní, ìwọ̀n ìfúnpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 5.5. Kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí, àlòkù rẹ̀ ti kún àwọn ibi tí wọ́n ń kó ògbólógbòó ọkọ̀ sí, owó tí ọ̀dọ́ ń rí nídìí iṣẹ́ kékeré sì lè rà á.

Orí méjì ni ẹ́ńjìnnì yìí ní, ọ̀kan fún sìlíńdà mẹ́rin ní apá kọ̀ọ̀kan. Orí náà tẹ́ pẹrẹsẹ, nítorí pé inú búlọ́ọ̀kù náà ni fáàfù rẹ̀ wà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń ṣe ni pé kí wọ́n tú orí náà, kí wọ́n gbé e lọ fún ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí ń bó irin, kí ó fá ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro. Sìlíńdà kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí mílílítà 452. Ní ìwọ̀n 5.5, àyè tí ó kù lókè písítìn tó nǹkan bí mílílítà 100. Kí ìwọ̀n náà tó lè di 7, àyè yìí ní láti wálẹ̀ dé nǹkan bí 75. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ dájú yóò da epo tí ó ti wọ̀n tẹ́lẹ̀ sínú yàrá kọ̀ọ̀kan, yóò sì wò ó bóyá gbogbo wọn dọ́gba.

Ibí yìí ni ìṣòro ti yọjú. Nínú ẹ́ńjìnnì onífáàfù-ẹ̀gbẹ́, òkè fáàfù ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá sínú sìlíńdà. Bí a bá fá orí wálẹ̀, àjà tí ó wà lókè fáàfù ń sún mọ́ ọn, ọ̀nà ń há, ẹ́ńjìnnì kò sì lè mí dáadáa mọ́. Àwọn kan wá ọ̀nà àbáyọ nípa gbígbẹ́ etí búlọ́ọ̀kù tí ó wà láàárín fáàfù àti sìlíńdà kí ọ̀nà lè là. Ṣùgbọ́n gbígbẹ́ yìí fi kún àyè òkè písítìn, ó sì tún dín ìfúnpọ̀ tí wọ́n fi owó wá kù. Ohun tí ọwọ́ ọ̀tún kó wọlé ni ọwọ́ òsì ń kó jáde. Yorùbá ní àṣejù, baba àṣetẹ́. Ẹni tí ó fá jù pàdánù, ẹni tí ó gbẹ́ jù náà pàdánù.

Yàtọ̀ sí èyí, inú búlọ́ọ̀kù ni èéfín gbígbóná ń gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi kí ó tó jáde, sìlíńdà méjì tí ó wà láàárín ní apá kọ̀ọ̀kan sì ń lo ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Nítorí náà ẹ́ńjìnnì náà máa ń tètè gbóná, pàápàá bí a bá fi kún agbára rẹ̀. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ní ibi tí ààlà wà. Wọ́n ní láti rí i fúnra wọn.

6.0 Adágún Gbígbẹ gẹ́gẹ́ bí Òṣùwọ̀n

Bí ọ̀rọ̀ bá dúró sí ẹ̀yìnkùlé nìkan, kì bá tí di ìmọ̀. Olúkúlùkù ìbá máa yangàn pé orí tòun ni ó dára jù. Ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà ni adágún gbígbẹ. Ní aṣálẹ̀ Mojave, ní àríwá Los Angeles, ilẹ̀ kan wà tí ń jẹ́ Muroc, tí omi rẹ̀ ti gbẹ, tí ó tẹ́jú bí àwo fún ọ̀pọ̀ kìlómítà. Láti àwọn ọdún 1920 ni wọ́n ti ń sá eré ọkọ̀ níbẹ̀. Ní 1937 ni àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké para pọ̀ dá Southern California Timing Association sílẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: wíwọn àkókò. Ọkọ̀ yóò gba àárín àmì méjì kọjá, ẹ̀rọ yóò ka ìṣẹ́jú àáyá, a ó sì kọ iye ìyára rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti rí.

Pàtàkì èyí kò kéré. Ojú ènìyàn lè rí ihò tí ó ń dán gbinrin kí ó rò pé ó dára, etí sì lè gbọ́ ariwo ńlá kí ó rò pé agbára ni. Aago kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó fá orí rẹ̀ jù yóò padà wálé pẹ̀lú iye ìyára tí ó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, yóò sì mọ̀ pé òun ti di ọ̀fun ẹ́ńjìnnì. Láti inú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni àwọn bíi Vic Edelbrock, tí ó ń tún ọkọ̀ ṣe fún owó, ti di ẹni tí ń da orí alumíníọ̀mù tirẹ̀ tí ó sì ń tà á fún àwọn ẹlòmíràn lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì.

Ogun náà pàápàá fi kún ìmọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ California ni ó lọ ṣiṣẹ́ nídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú, ní ojú ogun tàbí ní àwọn ilé iṣẹ́ tí ó yí Los Angeles ká, tí wọ́n sì kọ́ bí a ṣe ń wọn irin dé ìwọ̀n tín-ín-rín. Àwọn ológun gba Muroc, ibẹ̀ ni ó di ibùdó ọkọ̀ òfuurufú ológun tí ń jẹ́ Edwards lónìí. Àwọn asáré kó lọ sí El Mirage, nígbà tí ó sì di 1949 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje ọdọọdún ní ilẹ̀ iyọ̀ Bonneville ní ìpínlẹ̀ Utah. Ní oṣù Kìíní 1948, Robert Petersen bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Hot Rod. Bí ìmọ̀ tí ó wà lẹ́nu ṣe di èyí tí a tẹ̀ sínú ìwé nìyẹn, tí ọ̀dọ́ tí kò dé California rí lè kà á.

7.0 Ìpàdé Ilé Ìwé àti Ẹ̀yìnkùlé

Ẹni tí ó tú kókó tí àwọn ọ̀dọ́ kò rí tú ni Zora Arkus-Duntov. Brussels ni a ti bí i ní 1909 fún àwọn òbí ará Rọ́ṣíà, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nípa ẹ̀rọ ní Berlin. Òun àti àbúrò rẹ̀, Yura, sá kúrò ní Yúróòpù nígbà ogun, wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní New York. Ní 1947 ni wọ́n gbé orí kan jáde fún V8 ti Ford, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Ardun, àkékúrú orúkọ ìdílé wọn.

Orí Ardun gbé fáàfù kúrò nínú búlọ́ọ̀kù lọ sí òkè, ó sì jẹ́ kí yàrá ìjóná rí bí ìlàjì bọ́ọ̀lù. Afẹ́fẹ́ wọlé ní ẹ̀gbẹ́ kan, èéfín sì jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì láì gba inú búlọ́ọ̀kù kọjá. Ìjà tí ó wà láàárín ìfúnpọ̀ àti mímí parí, nítorí pé a lè fi kún ọ̀kan láì dí èkejì lọ́wọ́. Ìgbóná ọkọ̀ akẹ́rù Ford ni àwọn Duntov ní lọ́kàn ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó tó di pé àwọn asáré gbà á gẹ́gẹ́ bí tiwọn.

Síbẹ̀, iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé yìí kò pé. Orí náà fẹ̀, ó wọ́n, kò sì rọrùn láti tò. Ilé iṣẹ́ Ardun kò pẹ́ kógbá sílé ní Amẹ́ríkà, Duntov sì lọ bá Sydney Allard ṣiṣẹ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará adágún gbígbẹ ni wọ́n gba orí tí ó kù, tí wọ́n ń tún un tò, tí wọ́n sì ń fi aago dán an wò títí iṣẹ́ rẹ̀ fi yọ. Ọ̀mọ̀wé mọ ìdí tí ẹ́ńjìnnì fi ń kú, ẹ̀yìnkùlé mọ ibi tí irin ti ń ṣẹ́. Ọ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ èkejì.

8.0 Ẹ̀yìnkùlé Wọ Ilé Iṣẹ́ Ńlá

Ní 1953 ni Duntov wọ ilé iṣẹ́ General Motors. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejìlá ọdún náà, ó kọ ìwé kan sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ nípa àwọn ọ̀dọ́ tí ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé Ford ni ó kún ọkàn àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí àti ìwé ìròyìn wọn, àti pé bí wọ́n bá dàgbà tí wọ́n lówó lọ́wọ́, Ford náà ni wọn yóò tún rà. Ó gba ilé iṣẹ́ náà níyànjú pé kí wọ́n ṣe ohun èlò tí yóò mú ẹ́ńjìnnì V8 tuntun wọn lágbára sí i, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó wà fún títà.

Ìwé yìí ṣe pàtàkì nínú ìtàn tí à ń sọ, nítorí pé ọ̀mọ̀wé kan ni ó ń sọ fún ilé iṣẹ́ ńlá pé kí ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ó di 1955, Chevrolet gbé V8 tuntun rẹ̀ jáde, fáàfù rẹ̀ sì wà lókè. Lítà 4.3 ni, agbára ẹṣin rẹ̀ jẹ́ 162, èyí tí wọ́n fi kabúrétọ̀ ńlá sí sì ní 180. Ford fúnra rẹ̀ ti fi ẹ́ńjìnnì onífáàfù-òkè rọ́pò V8 olórí pẹrẹsẹ ní Amẹ́ríkà ní 1954. Ohun tí Frontenac ń tà fún ẹni tí ó ń pààrọ̀ orí nínú ilé ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú ti di ohun tí ó ń tilé iṣẹ́ wá.

9.0 Ohun tí Agbára Náà Ná Ènìyàn

Kò ní tọ́ kí a sọ ìtàn yìí bí ẹni pé èrè nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Òjé tí ó jẹ́ kí ìfúnpọ̀ lè ga pa ènìyàn. Ní oṣù Kẹwàá 1924, òṣìṣẹ́ márùn-ún kú nípasẹ̀ májèlé yìí ní ilé ìfọpo kan ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Síbẹ̀, ayé ń lo epo olójé lọ fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní oṣù Keje 2021 ni Algeria, orílẹ̀-èdè tí ó kù lẹ́yìn, dáwọ́ títa rẹ̀ fún ọkọ̀ ojú títì dúró. Àwọn tí ó kọ́kọ́ wọn agbára ẹṣin kò wọn ohun tí ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé. Ohun tí a kò bá wọ̀n kì í ṣe ohun tí kò sí.

Ìnáwó kejì ni irin tí ó ń fọ́. Ẹni tí ó fi èyí hàn jù kò gbé ní Amẹ́ríkà rárá. Burt Munro, ará Invercargill ní New Zealand, ra alùpùpù Indian kan ní 1920, èyí tí ìyára rẹ̀ kò ju nǹkan bí kìlómítà 88 ní wákàtí kan lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń tún un ṣe nínú búkà rẹ̀. Ó yí i padà sí onífáàfù-òkè, ó sì ń da písítìn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Gbogbo irin tí ó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni ó tò sórí pẹpẹ kan, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìrúbọ sí òrìṣà eré sísá ni wọ́n. Ní 1967, nígbà tí ó ti di ẹni ọdún 68, alùpùpù yìí kan náà sá kìlómítà 296 ní wákàtí kan ní Bonneville, fún ìdíje àwọn tí ẹ́ńjìnnì wọn kò tó lítà kan. Pẹpẹ irin fífọ́ yẹn ni ìwé ìwádìí Munro. Kò da àṣìṣe rẹ̀ nù, ó tọ́jú rẹ̀.

10.0 Ohun tí Ìtàn Yìí Kọ́ Olùkọ́

Ní ilẹ̀ wa, bí omi bá gbẹ nínú ẹ́ńjìnnì tí ó sì gbóná jù, tọ́ọ̀pù sìlíńdà lè wọ́, gásíkẹ̀ẹ̀tì sì lè jó. Mẹkáníìkì yóò tú u, yóò gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fá ojú rẹ̀ kí ó lè tẹ́jú. Iṣẹ́ kan náà tí àwọn ọ̀dọ́ California ń ṣe nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àtúnṣe ni ti mẹkáníìkì wa, tí tiwọn sì jẹ́ wíwá agbára. Bí ojú rẹ̀ bá ti wálẹ̀, ìfúnpọ̀ ti yí padà, yálà ẹni tí ó fá a mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Olùkọ́ lè sọ èyí di ẹ̀kọ́ tí ọmọ kò ní gbàgbé. Kí ó gba tọ́ọ̀pù sìlíńdà àlòkù kan, kí ó dojú yàrá rẹ̀ sókè, kí ó fi gíríìsì lẹ gíláàsì tí a lu ihò kékeré sí lára mọ́ ọn, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì máa fi abẹ́rẹ́ oníke tí a kọ ìwọ̀n sí lára fa omi sínú rẹ̀ títí yóò fi kún. Iye mílílítà tí ó wọlé ni àyè yàrá náà. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ kí a tó fá a àti lẹ́yìn tí a fá a, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i pé iṣẹ́ mẹkáníìkì ní ìṣirò nínú, mẹkáníìkì tí a pè wá sí kíláàsì yóò sì rí i pé ìṣirò lè dáhùn ohun tí ó ti ń fọwọ́ méfò.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé àtúnṣe orí ẹ́ńjìnnì nínú ilé kì í ṣe eré ọmọdé, kò sì jẹ́ ẹ̀bùn tí ilé iṣẹ́ ńlá fi ta àwọn ènìyàn lọ́rẹ. Frontenac àti Rajo fi orí tuntun lé ọwọ́ oníṣẹ́ lásán, Ricardo sọ ìdí tí ìrísí fi jẹ́ agbára, àwọn ọ̀dọ́ Muroc fi aago ya òtítọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìyangàn, Duntov sì gbé ìmọ̀ náà wọ ilé iṣẹ́ ńlá. Níbi tí ọwọ́ kan kò tó, ọwọ́ mìíràn ni ó tó o. Òṣùwọ̀n ni ó jẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ èdè ara wọn. Ibi tí wọ́n sì ti gbàgbé láti wọn nǹkan, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ òjé, ni ìpalára ti wọlé. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti rí i pé ẹni tí ó mọ ìwé àti ẹni tí ó mọ irin jókòó sídìí tábìlì kan náà, kí ohun ìwọ̀n sì wà láàárín wọn.